Ẹ̀yin tó wọ ọkọ̀ Aureol lọ sí Liverpool, ẹ dákun

Mò ń kọ ìtàn àròsọ kan nípa ọmọbìnrin ọmọ ọdún 12 tó wọ ọkọ̀ òkun Aureol ní Àpápá lọ́dún 1958, tó ń lọ bá àwọn òbí rẹ̀ ní Liverpool. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ náà máa ń yà ní Takoradi, Freetown àti Las Palmas, àti pé ìrìn àjò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ta ní ń bójú tó ọmọ tó ń dá rìn? Níbo ni òtútù ti kọ́kọ́ mú yín? Orí omi yìí ni mo fẹ́ kó ti bàlágà, torí náà ìrántí yín ṣe pàtàkì sí mi gan-an. Bó bá jẹ́ ìyá tàbí bàbá yín ló lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bi wọ́n.