Ọmọ SS2 ní ayé sú òun: ṣé ká bi í tààrà?

Olùdámọ̀ràn_Girama: Ẹ kú iṣẹ́ o. A ń kọ ìlànà fún àwọn olùkọ́ wa. Bí ọmọ tí ojú rẹ̀ ti rí màbo, bóyá wọ́n lù ú nílùkulù tàbí wọ́n fipá bá a lò pọ̀, bá ní ayé sú òun, ṣé ká bi í bóyá ó fẹ́ pa ara rẹ̀? Àwọn kan ní ìyẹn á fi èrò náà sí i lọ́kàn.

Nọ́ọ̀sì_Ọpọlọ: Ẹ bi í. Ìbéèrè kì í gbin èrò náà. Àjọ WHO pàápàá sọ bẹ́ẹ̀. "Ṣé ó ti ń ṣe ọ́ bíi kí o pa ara rẹ?" Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bi í bóyá ó ti ro bó ṣe máa ṣe é, àti bóyá ohun tó fẹ́ lò wà nítòsí. Bó bá ti dà bẹ́ẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn.

Ibi tí olùkọ́ ti ń ṣìṣe ni òfíntótó: "Ta ló ṣe é? Báwo ló ṣe ṣe é?" Ọmọ á sọ fún olùkọ́, á tún un sọ fún VP, á tún un sọ fún píríńsípà, egbò á sì máa ṣí. Ẹnì kan ni kó gbọ́ ọ. Ẹ jókòó, ẹ má dúró lé e lórí, ẹ má dí ẹnu ọ̀nà, ẹ má fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ. Ẹ má sì ṣèlérí àṣírí. Ẹ sọ fún un pé tó bá kan ẹ̀mí, ẹ máa sọ fún ẹnì kan, ṣùgbọ́n òun ló máa kọ́kọ́ mọ ẹni náà.

Ìyá_Welfare: Kí ẹ tó pe òbí, ẹ bi ọmọ bóyá ara rẹ̀ balẹ̀ nílé. Bó bá jẹ́ ará ilé ló ṣe é léṣe, ìbátan mìíràn tàbí welfare ìjọba ni kẹ́ ẹ pè.

Tọ́rọ̀ ò bá tíì le, ẹ bá a ṣe ètò ààbò sójú ìwé kan: àmì tó máa ń hàn bí èrò náà bá ń bọ̀, ohun tó lè dá ṣe, ibi tàbí ẹni tó lè mú ọkàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ẹni tó lè sọ ọ́ fún, nọ́ńbà oníṣègùn, àti bí wọ́n ṣe máa kó ohun eléwu kúrò. Bí àgbà bá kàn dá kọ "máa gbàdúrà, máa kàwé", kò ní wúlò láago méjì òru.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni wọ́n máa ń fò. NAFDAC fòfin de ìgò kékeré oògùn apakòkòrò dichlorvos ní 2019, ṣùgbọ́n ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Ẹ ti gbogbo rẹ̀ àti oògùn ilé mọ́ inú àpótí. Èrò náà máa ń le fúngbà díẹ̀ ni. Bí ohun èlò bá jìnnà, ó lè kọjá.

Nọ́ọ̀sì_Ọpọlọ: Mo fara mọ́ ọn. Ẹ má kéde ọ̀rọ̀ ọmọ náà lórí assembly o. Àdúrà kò burú, àmọ́ kí wọ́n má fi ààwẹ̀ rọ́pò ilé ìwòsàn. Bó bá jáde nílé ìwòsàn, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀ ẹ́ wò, ìgbà náà léwu gan-an.

Olùdámọ̀ràn_Girama: Ẹ ṣé gan-an. Ta ló máa mú ìwé ètò náà lọ́wọ́?

Ìyá_Welfare: Ọmọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin náà tọ́jú ẹ̀dà kan, kì í ṣe nínú fáìlì kíláàsì.