Èsì lórí ìwò-onígun-mẹ́ta: mo fara mọ́ ìfẹ̀ríwẹ́rìí

Ẹ̀yin àgbà èdè, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́.

Ẹni tó béèrè ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba oyè kejì yóò máa pe triangulation (kí èèyàn gba ọ̀nà tàbí orísun tó ju ọ̀kan lọ wádìí ohun kan náà) nínú àpilẹ̀kọ wọn ti rí èsì méjì: ìwò-onígun-mẹ́ta àti ìfẹ̀rígbẹ̀rí, ìyẹn fífi ẹ̀rí gbè ẹ̀rí. Ẹ má bínú, n ò gba èyíkéyìí wọlé.

Òótọ́ ni pé ọ̀dọ̀ àwọn awọnlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Wọ́n á dúró sí ojú ibi méjì tí wọ́n ti mọ̀, wọ́n á wọn igun tí wọ́n fi ń wo ibi kẹta, wọ́n á sì ṣírò ibi tó wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Norman Denzin, onímọ̀ àwùjọ ará Amẹ́ríkà, to ẹ̀yà triangulation fún àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1978, mẹ́rin ló kà: orísun dátà, olùwádìí, tíọ́rì àti ìlànà. Kò sí èyí tó pọn dandan kó jẹ́ mẹ́ta nínú wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ “mẹ́ta” yóò kàn sáré wá ìlànà kẹta kún méjì tó ti tó o.

Ìfẹ̀rígbẹ̀rí dùn létí, ó sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀: èrò olùwádìí Eugene Webb àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1966 ni pé bí òṣùwọ̀n tó yàtọ̀ síra bá sọ ohun kan náà, iyèméjì á dín kù. Àmọ́ ó ti dá ẹjọ́ kí ẹlẹ́rìí tó lanu. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ń wádìí èdè tí wọ́n ń bá ọmọdé sọ nílé ní Ìbàdàn. Ìyá kan fi àmì sí “Yorùbá nìkan” nínú ìwé ìbéèrè. Kò tíì dá báírò padà tó fi ké sí ọmọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì pé kó wá jẹun. Bó bá jẹ́ ìfẹ̀rígbẹ̀rí ni wọ́n fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yìí, yóò rò pé iṣẹ́ òun ti bàjẹ́, yóò sì rọra fo ohun tó fojú rí dá. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń dùn bọ̀! Ṣé ojú ń ti ìyá náà ni, àbí kò tiẹ̀ fura sí ohun tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde?

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ìfẹ̀ríwẹ́rìí, fífi ẹ̀rí wé ẹ̀rí. Ẹ ó gbọ́ jẹ́rìí nínú ìró rẹ̀, kò sì ṣèlérí pé wọn yóò bára mu.

Ní ti mixed methods, tí àwọn èèyàn máa ń so mọ́ triangulation, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe “alámùúlùmálà”. Orúkọ tí a fi ń bú èdè àwọn ọmọ wa nìyẹn. Ìwádìí àpapọ̀-ìlànà tó mi: dátà onínọ́ńbà àti dátà ọlọ́rọ̀ ẹnu pàdé nínú iṣẹ́ kan. Kí a má sì so òun àti triangulation pọ̀ bí ìbejì. Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Greene, Caracelli àti Graham, ka ìdí márùn-ún ní 1989 tí èèyàn fi lè pa ìlànà pọ̀. Triangulation kàn jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tó fọ̀rọ̀ wá àwọn ìyá lẹ́nu wò kó lè mọ ìbéèrè tí yóò kọ sínú ìwé ìbéèrè ti ṣe àpapọ̀-ìlànà, kò fi ẹ̀rí wé ẹ̀rí. Ẹni tó fọ̀rọ̀ wá ìyá, olùkọ́ àti ọmọ lẹ́nu wò lórí ọ̀rọ̀ kan náà ti ṣe ìfẹ̀ríwẹ́rìí láìka nọ́ńbà kankan.

Ẹ tún dán an wò bí ọ̀rọ̀-ìṣe: “mo fi ẹ̀rí wé ẹ̀rí” yá lẹ́nu. Ta ni yóò kọ “mo wò ó ní onígun mẹ́ta” síwájú alábòójútó rẹ̀?