Re: "Ẹlẹ́yàmẹ̀yà" kọ́ ni orúkọ àkójọ káàdì oníran-kan

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó.

Ilé là ń wò. Alàgbà tó dábàá pé ká máa pe àkójọ káàdì eré Magic: The Gathering tí gbogbo ẹ̀dá inú rẹ̀ jẹ́ irú kan náà ní "àkójọ ẹlẹ́yàmẹ̀yà" kò wo ilé rárá. Ìwà ìkórìíra ni Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gé "-mẹ̀yà" kúrò, "ẹlẹ́yà" ló kù, èyí tí wọ́n ń fini ṣe. "Oní-" tó wà níwájú rẹ̀ ló fa wàhálà: tó bá ti kan ẹ̀yà, yẹ̀yẹ́ ló máa dà létí. "Oníran-kan" ni mo fara mọ́. Àwọn tó ń tẹ Magic: The Gathering fúnra wọn pa "Tribal" (ti ẹ̀yà) tì lọ́dún 2023, wọ́n fi "Kindred" (ìbátan) rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìran náà nìyẹn.

Èyí tó dùn mí jù ni "tẹ̀ ẹ́" fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní tap. Ta ló ń tẹ káàdì? Ṣe là ń yí i kó dùbúlẹ̀. Ẹlòmíràn tún fi àmì òkè sí i, "tẹ́ ẹ", ó wá di pé káàdì tẹ́! Yorùbá ti ní "fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀" fún ẹni tó ṣiṣẹ́ tán tó ń sinmi. Káàdì tó ti ṣiṣẹ́ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Nígbà tó bá tún kàn yín, ó dìde. Ẹ fi ṣàlàyé àkójọ Elf, irú ẹ̀dá kan nínú eré náà, kí ẹ rí i bó ṣe bá a mu.

Káàdì 60 ó kéré tán, orúkọ kan kò gbọdọ̀ ju 4 lọ, àyàfi ilẹ̀ ìpìlẹ̀, káàdì tó ń pèsè mana, ìyẹn agbára tí a fi ń pe káàdì yòókù. Ẹ kó Heritage Druid 4 àti Nettle Sentinel 4, tí méjèèjì jẹ́ Elf, pẹ̀lú Glimpse of Nature 4, idán tó ń mú yín fa káàdì bí ẹ bá pe ẹ̀dá, sí i. Druid ní kí Elf 3 fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ẹ gba mana ewé 3. Àmì ọfà tap, tí ẹ̀dá tuntun kì í lè lò lójú ẹsẹ̀, kò sí lórí iṣẹ́ yìí, nítorí náà Elf tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ lè bá wọn dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Sentinel kì í bá àwọn yòókù dìde nígbà tó bá kàn yín, ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí ẹ bá pe káàdì aláwọ̀ ewé, ó lè dìde. Bí Sentinel 2 àti Druid 1 bá wà nílẹ̀, ẹ fi mana 1 pe Elf aláwọ̀ ewé kan: Sentinel méjèèjì dìde, àwọn àti Elf tuntun fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, mana 3 wọlé. Èrè 2 nìyẹn. Bí Glimpse bá ti ṣáájú, ẹ tún fa káàdì 1. Ìdí tí mo fi gba "àsokọ́ra" fún combo, ìyẹn káàdì tó ń bá ara wọn ṣiṣẹ́, tí n kò sì gba "àpapọ̀", nìyí: wọn kò kàn wà pọ̀, ọ̀kan ló ń jí èkejì.

Káàdì tí kì í ṣe ẹ̀dá kò mú Glimpse fa nǹkan kan, ẹ̀dá aláìláwọ̀ kò sì jí Sentinel. Bí irú wọn bá pọ̀ jù, okùn á já lágbedeméjì. Pyroclasm kan ṣoṣo, tó ń fún ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní ọgbẹ́ 2, á gbá Sentinel àti Druid lọ. Bí Glimpse kò bá sí lọ́wọ́, ẹ má da gbogbo Elf sílẹ̀.

Àwọn àgbà tó sọ mọ́tò ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wo ìrìn rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ẹnu.

—

Èsì alàgbà kan: Àbúrò, mo ti gbọ́. Mo gba "fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀" rẹ. Ṣùgbọ́n ìran tí à ń wò ńkọ́? Ta ni yóò gbọ́ "oníran-kan" tí kò ní rò pé eré orí ìtàgé ni? O sì fi Elf sílẹ̀ láìtúmọ̀. Iwin ni mo pè é, n kò sì tíì rí ẹni tó fún mi ní èyí tó sàn jù.