Tí iná bá lọ tó dé, ESP8266 mi (bọ́ọ̀dù kékeré tó ní WiFi) kì í fi ìwọ̀n ooru ránṣẹ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni màmá mi ti ń sin adìẹ, èmi ń gbé Adó. Òròmọdìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin kò gba òtútù rárá: bíi 32 sí 35 digiri ni wọ́n ń fẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ òtútù òru lẹ́bàá àpáta Olósùnta kì í ṣe kékeré nígbà ọyẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi so DHT22, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ooru àti ọ̀rinrin, mọ́ ESP8266, kó máa fi ìwọ̀n ooru àti ọ̀rinrin ránṣẹ́ sí ThingSpeak, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń gba irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, kí n lè máa wò ó lórí fóònù.

Bí iná bá wà, kò sí wàhálà. Tí wọ́n bá mú iná lọ, MiFi á kú, ṣùgbọ́n ESP wà lórí pawa báǹkì. Ìgbà tí iná bá dé tí MiFi sì gbéra, kò ní fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà: 31.4 (ooru) àti 68 (ọ̀rinrin) ń jáde geerege, DHT22 kò ṣe nǹkan kan, àmọ́ -301 (àṣìṣe pé kò rí i sopọ̀) ni ThingSpeak ń dá padà. Àfi kí màmá dìde lóru lọ tẹ RST, bọ́tìnì tó ń tún un bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Inú setup(), apá kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tó bá tàn, nìkan ni WiFi.begin() tó ń so ó mọ́ WiFi wà. Ṣé kí n máa yẹ WiFi.status() (bóyá WiFi ṣì so) wò nínú loop(), apá tó ń yí po léraléra, ni, àbí kí n kúkú lo ESP.restart() kó tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀? Ṣé mo sì lè tọ́jú ìwọ̀n tí kò tíì lọ sínú LittleFS (ibi ìpamọ́ fáìlì lórí ESP), kó fi wọ́n ránṣẹ́ tó bá yá? Ẹni tó bá ní kóòdù tó ti ṣiṣẹ́ fún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí.