Ṣé mo lè gbé sámáǹsì Arizona wọ ilẹ̀ Navajo?

Bàbá Ìbejì, Show Low
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ láti máa pín sámáǹsì ní Arizona, kí n lè máa fi kún owó oṣù ìyàwó mi. Ní Show Low àti Holbrook, kò sí wàhálà: mà á kanlẹ̀kùn, mà á béèrè orúkọ, mà á fìwé lé e lọ́wọ́, mà á lọ kọ ìwé ìbúra. Ilé iṣẹ́ tó ń gbéṣẹ́ fún mi wá fi ọ̀kan ránṣẹ́ lánàá, ti ọkùnrin kan lẹ́bàá Chinle, ní Apache County. Gbèsè mọ́tò ni. Ọmọ Navajo ni, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tó ti wà ní Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé; inú rẹ́sáfẹ́ṣàn, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn, ló sì ń gbé. Nọ́ńbà àpótí ìfìwéránṣẹ́ nìkan ni àdírẹ́sì ẹ̀. Ẹnì kan wá fi bírò kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Kọjá chapter house (ilé ìpàdé àdúgbò wọn), yà sósì níbi táyà funfun, òrùlé búlúù." Ọ̀gá ní kí n ṣáà máa lọ, pé òǹtẹ̀ kóòtù wà lórí ìwé, pé Arizona ni gbogbo ẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Sànmí, Houston
Ẹ lọ jàre. Ṣé ọmọ Amẹ́ríkà kọ́ ni wọ́n ni? Ẹni tó jẹ gbèsè jẹ gbèsè.

Ìyá Tọ́lá, Phoenix
Bàbá Ìbejì, ẹ má lọ o! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì lọ́yà níbí. Sànmí, ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ yẹn ní ìjọba tiẹ̀, ó ní ọlọ́pàá, ó ní kóòtù. Ní 1976, kóòtù tó ga jù ní Arizona dá ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Francisco v. State. Dẹ́pútì ṣẹ́ríífù ló gbé ìwé lọ bá ọmọ Papago, àwọn tí wọ́n ń pè ní Tohono O'odham nísinsìnyí, nínú rẹ́sáfẹ́ṣàn wọn. Kóòtù ní òfo ni ìwé yẹn, pé àṣẹ dẹ́pútì ò wọ ibẹ̀. Bí ti ẹni tó wọṣọ ìjọba bá já sófo, kí la fẹ́ sọ nípa ti Bàbá Ìbejì?

Ohun tó ń dùn mí nínú irú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹ ó jókòó sínú mọ́tò fún wákàtí mélòó kan, ẹ ó rí ọkùnrin náà, ẹ ó búra pé ẹ ti fún un. Nígbà tó bá yá, lọ́yà tiẹ̀ á ní kí wọ́n fagi lé gbogbo ẹ̀. Ọjọ́ 90 péré sì ni òfin Arizona fún olùpẹ̀jọ́ láti mú kí ìwé dé ọwọ́ ẹni tó pè lẹ́jọ́. Bó bá fi lé ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin náà ni ọ̀gá máa tọ́ka sí.

Àbúrò Fúnkẹ́, Sacramento
Ìyá Tọ́lá, ẹ má bínú, níbí ńkọ́? Ní California, a máa ń gbé ìwé wọ rẹ́sáfẹ́ṣàn.

Ìyá Tọ́lá, Phoenix
Òtítọ́ lo sọ, Fúnkẹ́. Òfin 1953 tí wọ́n ń pè ní Public Law 280 ló fún kóòtù California láṣẹ láti máa gbọ́ ẹjọ́ irú èyí nínú rẹ́sáfẹ́ṣàn. Arizona ò sí lára àwọn ìpínlẹ̀ tí òfin yẹn fún láṣẹ. Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn ìpínlẹ̀ kan fi lè kó èèyàn ìpínlẹ̀ kejì sí ìjàngbọ̀n.

Bàbá Ìbejì, ẹ bi ọ̀gá yín: níbo ni ọkùnrin yìí ti bọwọ́ lùwé mọ́tò? Apache County yín yìí náà ni ẹjọ́ Williams v. Lee ti bẹ̀rẹ̀. Oníṣòwò kan tí kì í ṣe ọmọ Navajo ta ọjà láwìn fún tọkọtaya Navajo ní Ganado, ó wá pè wọ́n lẹ́jọ́ ní kóòtù Arizona. Ní 1959, kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà ní kóòtù Navajo ni kó gbé e lọ, wọ́n tọ́ka sí àdéhùn 1868 láàrin àwọn Navajo àti ìjọba Amẹ́ríkà. Bó bá jẹ́ inú rẹ́sáfẹ́ṣàn ni wọ́n ti ta mọ́tò yìí, ẹjọ́ yẹn fúnra ẹ̀ lè má dúró. Bó bá jẹ́ Show Low, kóòtù wa lè gbọ́ ọ, ọ̀nà tí ìwé máa gbà dé ọwọ́ ẹ̀ ló kù.

Ọ̀nà yẹn náà wà. Àwọn lọ́yà máa ń lo òfin 4.2 ti kóòtù Arizona, tó wà fún ẹni tó ń gbé lẹ́yìn odi ìpínlẹ̀, fún ẹni tó wà nínú rẹ́sáfẹ́ṣàn náà: wọ́n á fi ránṣẹ́ nípọ́ọ̀sì, ẹni náà á fọwọ́ sí i, ìwé ìfọwọ́sí á padà wá. Nọ́ńbà àpótí tó ń bí yín nínú yẹn gan-an ló máa wúlò. Lọ́yà ni kó ṣe é, kì í ṣe ẹ̀yin.

Bọ́lá Lọ́yà, Ìbàdàn
Ó jọ tiwa nílé. Sámáǹsì kóòtù Ọ̀yọ́ tó fẹ́ lọ sí Kwara gbọ́dọ̀ ní àkọlé tó sọ pé ìpínlẹ̀ míì ni wọ́n ti máa fi jíṣẹ́, abẹ́ òfin Sheriffs and Civil Process Act, ẹsẹ̀ 97. Láìsí i, kóòtù lè fagi lé sámáǹsì náà.

Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀, Flagstaff
Ìyá Tọ́lá ti parí ti òfin. Tèmi ni pé bó bá ṣẹlẹ̀ pé kóòtù Navajo fúnra wọn ló fún yín láṣẹ lọ́jọ́ kan (ẹ pe akọ̀wé kóòtù Chinle, wọ́n á sọ bí tiwọn ṣe rí), ẹ má ṣe bí ẹni tó ń gbé píṣà wá. Bí ẹ bá dé iwájú ilé, ẹ jókòó sínú mọ́tò, ẹ dúró díẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ rí yín, wọ́n á jáde. Ajá pọ̀ níbẹ̀, wọn ò sì so wọ́n mọ́lẹ̀. Fóònù tí ẹ fi ń ya fọ́tò ilé fún ẹ̀rí, ẹ fi sápò títí wọ́n á fi gbà. Bí òjò bá rọ̀, ẹ má tọ ọ̀nà tí wọn ò da ọ̀dà sí, ẹrẹ̀ ibẹ̀ máa ń dá mọ́tò mọ́lẹ̀.

Bí ọ̀gá bá tún ní kí ẹ wọ́ mọ́tò náà bọ̀, ẹ sá! Òfin Navajo ò gbà kí wọ́n gba mọ́tò lọ́wọ́ ọmọ Navajo níbẹ̀, àfi bó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà tàbí kóòtù wọn pàṣẹ ẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Show Low
Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Mo ti pe ọ̀gá. Show Low ni wọ́n ti tà á, lọ́yà á fi ránṣẹ́ nípọ́ọ̀sì. Ó wá ní ọkùnrin náà máa ń wá sí Holbrook ra oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, pé ṣé mo lè fún un níbẹ̀?

Ìyá Tọ́lá, Phoenix
Holbrook kì í ṣe rẹ́sáfẹ́ṣàn. Ẹ lè fún un níbẹ̀ bí ẹ ṣe ń fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀, Flagstaff
Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú aago o. Àwọn Navajo máa ń yí aago síwájú láti oṣù March títí dé November, Arizona tó kù kì í yí i. Bí ẹ bá gbọ́ pé aago mẹ́wàá ló máa ń dé, ẹ béèrè pé mẹ́wàá ti Chinle ni àbí ti Holbrook.