Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ̀kọ́ orí fóònù fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Mo fẹ́ ṣe ẹ̀kọ́ kan lórí kankéré tí wọ́n á máa ṣe lórí fóònù kí wọ́n tó dé sáìtì. Kì í ṣe ìwé tí a kàn gbé sójú fóònù o. Èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ á fọwọ́ kàn, tí yóò sì dá a lóhùn ni mo ń wá. Ẹnì kan ní kí n ya odidi ilé ní 3D. Fóònù kékeré ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn, dátà sì wọ́n. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹnjiníà: Ẹ fi 3D sílẹ̀ ná. Ilé tó ń yí po dùn ún wò, àmọ́ kí ni akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ fi í ṣe? Ibi tí òṣìṣẹ́ ti máa ń pinnu nǹkan ni kí ẹ wá. Ẹ mú omi. Ẹ gbé àpò símẹ́ǹtì kan, kílò 50, síwájú rẹ̀, kó bu omi sí i fúnra rẹ̀. Tó bá bu lítà 25, ìdajì ìwọ̀n símẹ́ǹtì nìyẹn, ó dáa. Tó bá bu 35 torí kó lè rọrùn láti dà, ẹ má kọ "o kùnà" sí i. Ẹ jẹ́ kó ṣí kóònù ìdánwò slump, èyí tí wọ́n fi ń mọ bí kankéré tútù ṣe ki tó, kó rí i bí kankéré náà ṣe wó pẹrẹsẹ. Kẹ́ ẹ wá gbé e lọ sí ọjọ́ 28, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ kankéré láti wọn agbára rẹ̀, kó rí i pé omi tó pọ̀ jù ti dín agbára rẹ̀ kù. Ní sáìtì, kò sẹ́ni tó máa dúró tó ọjọ́ yẹn kó tó mọ ohun tó ṣe. Lórí fóònù, kíá ni.

Bíríkìlà: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gíláàsì fóònù ò lè kọ́ ọwọ́ ní ìwúwo kankéré. Àwòrán kíkà, ìṣirò àti rírí ewu ni kí ẹ fi fóònù kọ́ wọn. Bíi mímú kí igun ilé gún régé: mítà 3 lápá kan, 4 lápá kejì, ìdábùú tó so orí apá méjèèjì pọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 5. Tí ìdábùú bá fi 5.1 hàn, kí wọ́n fi ìka fa okùn wọlé, torí igun ti ṣí jù. Lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n jáde lọ na okùn gidi.

Aṣe-ohun-èlò-ẹ̀kọ́: Ẹ wo H5P, irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fọwọ́ kàn; ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè fi ibi títẹ̀ sórí fọ́tò sáìtì yín, tàbí kẹ́ ẹ ṣe ìtàn tó ń yà sọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe yàn. Lumi, áàpù kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe H5P, máa jẹ́ kẹ́ ẹ kó o sí fáìlì HTML kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọn á ṣí láìsí dátà. Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ kan, kẹ́ ẹ pa ẹnu mọ́. Ibi tó bá ti há ni kẹ́ ẹ tún ṣe.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kí n fi máàkì sí i?

Ẹnjiníà: Rárá o. Máàkì á jẹ́ kí wọ́n máa ṣe àdàkọ, ẹ ò sì ní rí àṣìṣe tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́ wọn lé lórí. Ẹ fi máàkì sí iṣẹ́ ọwọ́.

Bíríkìlà: Kẹ́ ẹ sì fi yanrìn tí òjò pa síbẹ̀. Omi ti wà nínú rẹ̀, lítà 25 yẹn á ti pọ̀ jù. Ibẹ̀ lẹ máa ti mọ ẹni tó ń ronú.