Lórí “kẹ̀kẹ́ Póòpù” àti “iṣẹ́ olókùn ẹṣin”

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín.

Ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n ń kọ ìtàn àwọn Póòpù ní Yorùbá gbé ọ̀rọ̀ méjì síwájú wa. Wọ́n fẹ́ kí “kẹ̀kẹ́ Póòpù” dúró fún gbogbo ohun tó ń gbé Póòpù rìn kí mọ́tò tó dé, wọ́n sì fẹ́ kí á pe ohun tí àwọn olú-ọba ń ṣe nídìí ẹṣin Póòpù, bí wọ́n ṣe ń di ìjánu rẹ̀ mú tí wọ́n sì ń fà á, ní “iṣẹ́ olókùn ẹṣin”. N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n èkejì ló ká mi lára jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti dá ẹjọ́ kan kí òǹkàwé tó mọ̀ pé ẹjọ́ wà níbẹ̀ rárá.

Ní ọdún 754, nígbà tí Póòpù Stephen Kejì ré òkè Alps kọjá lọ bá Pepin, ọba àwọn Frank, ní Ponthion, ní ilẹ̀ tó di Faransé lónìí, àkọsílẹ̀ ìjọ Róòmù sọ pé ọba náà sọ̀ kalẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin Póòpù. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń retí irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olú-ọba. Nígbà tí Frederick Barbarossa, ọba Jámánì tó ń lọ gba adé olú-ọba ní Róòmù, pàdé Póòpù Adrian Kẹrin nítòsí ìlú Sutri ní Ítálì ní oṣù kẹfà ọdún 1155, kò wá di ìjánu mú, kò sì di irin gàárì tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ mú. Ẹ̀rù ba àwọn kádínà, wọ́n sá. Frederick kúnlẹ̀, ó fẹnu ko ẹsẹ̀ Póòpù, ṣùgbọ́n Adrian kọ̀ láti fún un ní ìfẹnukonu àlàáfíà. Wọ́n bá àwọn àgbà ìjòyè sọ̀rọ̀, wọ́n yẹ àṣà àtijọ́ wò, lẹ́yìn náà ni Frederick tó fa ẹṣin náà lọ níwọ̀n ibi tí òkò lè dé.

Ìbéèrè tó wà lọ́kàn Frederick ni pé: ṣé ìbọ̀wọ̀ ọmọ fún bàbá ni, àbí ẹ̀rí pé ìránṣẹ́ Póòpù ni òun? Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe àròsọ. Àwòrán kan wà ní ààfin Lateran, ààfin Póòpù ní Róòmù, tí àkọlé rẹ̀ sọ pé Lothair, olú-ọba kan tó ti jẹ ṣáájú Frederick, di ènìyàn Póòpù, ìyẹn ẹni tó ń sìn ín, Frederick sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ìlú Besançon, wọ́n ka lẹ́tà Adrian sétí Frederick, èyí tó pe oyè olú-ọba ní “beneficium”, ọ̀rọ̀ Látìn kan tó ní ìtumọ̀ méjì. Rainald ti Dassel, olórí akọ̀wé Frederick, tó ń túmọ̀ fún àwọn ìjòyè, lo ọ̀rọ̀ Jámánì fún ilẹ̀ tí olúwa ń fún ẹni tó ń sìn ín, ìjòyè kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹni tó mú lẹ́tà wá. Ní 1158 Adrian kọ̀wé pé oore, ohun rere tí a ṣe fúnni, lòun ní lọ́kàn. Ògbufọ̀ kan ṣoṣo ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, àwa náà sì fẹ́ ṣe irú rẹ̀.

Ní Ọ̀yọ́, oyè ni Olókùn Ẹṣin, ẹni tó ń jẹ ẹ́ sì wà lára àwọn tí àṣà àtijọ́ ní kí wọ́n bá Aláàfin kú. Kò sí Yorùbá tó gbọ́ orúkọ yìí tí kò ní í rò pé ọba kan ló ni ẹni náà láti orí dé ẹsẹ̀. Ohun tí Frederick kọ̀ láti gbà gan-an nìyẹn. Àbá mi ni “ìfàjánu”, torí pé ohun tí ọwọ́ ṣe nìkan ló sọ, ìtumọ̀ rẹ̀ sì kù sọ́wọ́ òǹkàwé.

Ní ti “kẹ̀kẹ́ Póòpù”, Bíbélì wa ti fi kẹ̀kẹ́ fún Fáráò, ìgboro sì ti fi fún Márúwá. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹṣin tàbí ìbaaka ni àwọn Póòpù ń gùn. Orí ẹṣin ni Clement Kẹrìnlá ti já bọ́ ní 1769 nígbà tó ń lọ gba ìjọ Lateran, ṣọ́ọ̀ṣì Póòpù ní Róòmù. Àga tí àwọn ọkùnrin ń gbé lé èjìká kò sì kúrò nílẹ̀ nígbà tí mọ́tò dé, torí pé John Paul Kìíní ṣì lò ó ní 1978. Ní òru tí ó mọ́ ọjọ́ kẹfà oṣù keje ọdún 1809, Ọ̀gágun Radet ti Faransé kó Pius Keje sínú ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, ó sì gbé e jáde ní Róòmù. Ta ni yóò pe ìyẹn ní kẹ̀kẹ́ Póòpù?

Mo dá a lábàá pé kí á ní “ọkọ̀ afẹṣinfà” àti “àga àgbéléjìká”, kí ẹṣin sì máa jẹ́ ẹṣin. Ọkọ̀ afẹṣinfà ńlá tí wọ́n kàn fún Leo Kejìlá ní nǹkan bí 1826 ṣì wà nínú ilé àfihàn tí Paul Kẹfà dá sílẹ̀ ní Vatican ní 1973. Ìtẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Mercedes-Benz sì fún Pius Kọkànlá ní mọ́tò ní 1930, àga kan ṣoṣo bí ìtẹ́ ni wọ́n fi sẹ́yìn. Kí ẹ̀gbọ́n jọ̀wọ́ yí ọ̀rọ̀ méjèèjì padà kí apá kejì ìwé wọn tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé.